Pátákó Montessori pọ̀ l'Àkúrẹ́: kí la máa wò ká tó sanwó?

Ìyá Ọlọ́mọkan (Ọ̀dà Road)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ mi obìnrin á pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Láti Ọ̀dà títí dé Ọjà Ọba, mo ka pátákó ilé ìwé mẹ́fà tí wọ́n kọ Montessori sí. Mo wọ méjì nínú wọn. Ní àkọ́kọ́, àwọn ọmọ jókòó ní ìlà mẹ́rin, wọ́n ń pariwo "A for Apple" tẹ̀lé tíṣà tó mú pàṣán dání. Ní ìkejì, owó ilé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé tí à ń gbé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọmọkùnrin kan ń da omi látinú jọ́ọ̀gì kan sínú òmíràn. Ó dà á, ó dà á padà, ó tún dà á. Mo dúró bí ogún ìṣẹ́jú, omi náà ló ṣì ń dà.

Ìyá ọkọ mi tí a jọ lọ wò mí lójú, wọ́n ní, "Ṣé omi dídà la fẹ́ máa sanwó fún? Ṣé kò sí omi nílé ni?" Mi ò rí èsì fún wọn. Ọkọ mi ní kí n má yọ òun lẹ́nu, pé ilé ìwé ni ilé ìwé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ojúlówó, ṣé ó sì tó nǹkan tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ náwó?

Tíṣà Alágbàká

Ẹ kú ìnáwó ọmọ mà. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Mẹ́ta nínú ọdún náà, ilé ìwé tí mo wà kò ní Montessori kankan ju èyí tó wà lára pátákó lọ, torí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀nà ìkọ́ni kan ni Montessori, níbi tí ọmọ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kọ́ ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó ni orúkọ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lè kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú un. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Maria Montessori, dókítà ni ní ilẹ̀ Ítálì. Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1907 ló ṣí yàrá àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ ní San Lorenzo, ní ìlú Róòmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó bá ń pè é ní ẹ̀kọ́ ọmọ olówó pé ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tálákà ló wà nínú yàrá yẹn. Àwọn òbí wọn á ti jáde lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á máa sáré káàkiri àtẹ̀gùn, wọ́n á máa ba ògiri jẹ́, ni àwọn tó ni ilé bá ní kí dókítà yìí bá wọn wá nǹkan ṣe sí i.

Lọ́dún 1929, òun àti Mario ọmọ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AMI sílẹ̀, tó ṣì ń dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ títí dòní. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní tiwọn, AMS, láti 1960. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ẹ̀rín bi wọ́n: níbo ni tíṣà kíláàsì yìí ti kọ́ṣẹ́, oṣù mélòó ló sì gbà á? Ẹni tó lọ sẹmínà ọlọ́jọ́ méjì á jẹ́wọ́ fún yín tí ẹ bá bi í dáadáa. Ìyẹn ò sọ ọ́ di èèyàn burúkú o. Mo mọ ẹnìkan tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan tó mọ iṣẹ́ yìí ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí owó tí wọ́n ń gbà bá a mu.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo pẹpẹ. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní ọ́fíìsì ni àwọn ohun èlò wà. Ọjọ́ tí àwọn òbí bá ń bọ̀ la máa ń kó wọn jáde. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan gbé ọ̀kan nínú àwọn igi píńkì tí wọ́n máa ń tò bí ilé, ó fẹ́ gbé e lé èkejì, ni ọ̀gá bá sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: "Má bà á jẹ́!" Ọ̀ṣọ́ lèyí tí wọ́n bá tì mọ́ gíláàsì. Pẹpẹ tí kò ga ju ọmọ lọ ló yẹ kó wà, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ mú un, kó ṣe é tẹ́rùn, kó sì dá a padà síbi tó ti mú un.

Ẹ tún fetí sí agogo. Tó bá ń lù ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fura. Ó yẹ kí ọmọ ní bíi wákàtí mẹ́ta láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní já iṣẹ́ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹ bá ọmọ ọdún mẹ́ta àti ọmọ ọdún márùn-ún nínú yàrá kan náà, torí àwọn àgbà inú wọn ló ń kọ́ àwọn àbúrò. Tó bá jẹ́ ohùn tíṣà lẹ̀ ń gbọ́ jù lọ níbẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílé.

Ní ti omi, ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní kí wọ́n wo ọwọ́ ọmọ yẹn dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Ó di etí jọ́ọ̀gì mú, ó ń yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára omi kó má baà kún jù, tó bá sì dà sílẹ̀ ó mọ ibi tí aṣọ ìnulẹ̀ wà. Ọrùn ọwọ́ yẹn náà ló máa fi kọ̀wé. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó pẹ́ńsù fún ní ọdún méjì ààbọ̀, ìka wọn kò tíì lágbára, wọ́n á kàn di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọmọ odó mú.

Ọmọ Ìsìkàn

Nígbà tiwa, jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ orúkọ: kí ilé lè sinmi ni wọ́n ṣe ń gbé wa lọ. Kò sẹ́ni tó gbé jọ́ọ̀gì lé wa lọ́wọ́, a sì di èèyàn. Owó tí ẹ fẹ́ kó síbẹ̀, ẹ fi ra ilẹ̀ sọ́nà Ìjọ̀kà.

Ìyá Ìbejì (Shagari Village)

Bọ̀dá Ìsìkàn, ilẹ̀ wo lowó táàmù kan fẹ́ rà ní Ìjọ̀kà? Ẹ jẹ́ ká máa bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ìyá Àgbà Òkè Àró (ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́)

Ẹ kú ilé o gbogbo yín. Ìyá ọkọ tó ní ṣé kò sí omi nílé, ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Omi wà nílé lóòótọ́. Ta ló ń jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ti ń ṣa ẹ̀wà kí n tó lè ka ení, èjì dé ogún. Ìyá mi á da ẹ̀wà sórí atẹ, èmi á ṣa òkúta sápá kan, màá ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sápá kejì. Tí mo bá parí, wọn ò ní wò ó, wọn ò sì ní sọ̀rọ̀. Wọ́n á dà á síná bẹ́ẹ̀. Òkúta tí mo bá gbàgbé síbẹ̀, àwa náà la máa fi eyín gbọ́ ọ lálẹ́, gbogbo ilé á wò mí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ò ní rí òkúta kan.

Ní báyìí, ẹ ó gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kó lè dákẹ́, ẹ ó wá lọ sanwó kí ẹlòmíràn fún un ní ṣíbí àti ẹ̀wà. Mi ò bú yín o, ayé ti yí padà, kò sẹ́ni tó ráyè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ́n ayò ṣì wà ní yàrá mi: ojú méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tó ń bá mi tẹ èyí, ibẹ̀ ló ti mọ ìṣirò.

(Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rẹ́ mi jẹ.)

Tíṣà Alágbàká

Màmá, ẹ ṣeun gan-an mà. Iṣẹ́ tí òkúta tí ẹ fi eyín gbọ́ yẹn ṣe fún yín náà ni àwọn ohun èlò Montessori ń ṣe. Pákó gígùn kan wà tó ní ihò mẹ́wàá, igi kúkurú mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan sì mọ igi tirẹ̀. Tí ọmọ bá sọ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ihò tó fẹ̀, ó máa wọlé o, ara rẹ̀ á yá. Tó bá wá ku ìkan ṣoṣo, igi ọ̀hún á kọ̀, kò ní wọ ihò tó ṣẹ́kù. Tíṣà kò ní sọ pé o ò gbà á. Pákó ti sọ fún un. Ẹ máa rí ọmọ á yọ gbogbo rẹ̀ síta, á tún bẹ̀rẹ̀, á máa kùn bí oyin.

Káfíńtà Ọ̀nà Oǹdó

Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Èmi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣe nǹkan tí ẹ̀ ń sọ yìí fún ilé ìwé méjì. Fọ́tò ni wọ́n mú wá lórí fóònù. Igi píńkì yẹn, mẹ́wàá ni. Èyí tó kéré jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ 2, títí dé 10. Tí ẹ bá tò wọ́n léra, 55 géérégé ló máa ga. Ọmọ mi tó wà ní JSS ṣírò rẹ̀, ó ní ẹgbẹ̀rún kan nínú èyí tó kéré jù ló máa tó èyí tó tóbi jù. Mo ní irọ́ ni. A ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ni mo bá lọ gba pákó tútù ní sọ́míìlì. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n pè mí. Àwọn igi náà ti lọ́, wọn ò jókòó lórí ara wọn mọ́, ilé ọmọ ń wó kó tó dé ìkẹfà, ọmọ wá rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n tò. Ojú tì mí. Mo fi owó ara mi tún un ṣe.

Torí náà, tí ẹ bá fẹ́ fún káfíńtà ní iṣẹ́, arère ni kó lò, èyí tó ti gbẹ dénú. Ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti fági. Ìrókò máa wúwo jù fún ọwọ́ ọmọ. Kó fi sáńpépà kùn ún títí tí ẹ máa fi lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara yín pa á. Ọ̀dà tí kò ní òjé ni kí ẹ rà, ẹ ka ara agolo kí ẹ tó sanwó. Èyí tó jẹ́ 1 yẹn kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu, kó mú un kúrò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Lórí ohun tí káfíńtà sọ: ẹ dákun, omi dídà dára, àmọ́ ife méjì ni o, kì í ṣe garawa. Ẹ má fi ọmọ kékeré sílẹ̀ ní òun nìkan nídìí garawa tó ní omi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ má sì rọ kẹrosíìnì sínú ìgò omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ tí ẹ kọ́ láti máa da nǹkan sínú ife máa dà á.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta (ẹ̀yìn FUTA)

Mo fẹ́ sọ apá tí àwọn ilé ìwé kì í sọ fún òbí. Èyí àkọ́kọ́ mi ṣe Montessori gidi fún ọdún méjì ààbọ̀. Owó le, a kó o lọ sí ilé ìwé mìíràn fún Primary 1. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ mi: ó gbẹ́ pẹ́ńsù, ó dìde láì tọrọ àyè, ó lọ mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti gbá èérún rẹ̀. Wọ́n nà án. Nígbà tó délé, ẹgba yẹn kọ́ ló ń dùn ún. Ìbéèrè tó bi mí ni pé, "Dádì, ta ló wá yẹ kó gbá a?"

Ó mọ̀wé kà ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ó mọ ìṣirò. Ohun tí kò mọ̀ ni dídà nǹkan kọ láti ara bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó nù ún, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ipò, torí níbi tó ti ń bọ̀, wọn kì í pín ipò. Ìgbà tí wọ́n fún un ní ipò kẹtàdínlógún, inú ẹ̀ dùn, ó ní nọ́ńbà òun tóbi ju ti ọ̀rẹ́ òun tó ṣe ipò kejì lọ. Ìyá rẹ̀ wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ rèé. Kí ẹ tó fi ọmọ síbẹ̀, ẹ wá ibi tó máa lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún, láti mẹ́ta dé mẹ́fà, ọdún kẹta yẹn ni gbogbo ohun tó ti ń fọwọ́ bà máa ń já pọ̀. Òbí tó bá fi ọmọ síbẹ̀ fún ọdún kan kó tó yọ ọ́ kúrò kí wọ́n lè tètè fi sí Primary 1 ní ọdún mẹ́rin, ìbẹ́pẹ tútù ló lọ ká. Èyí kejì mi, a jẹ́ kó parí rẹ̀, a sì fi oṣù méjì tó kẹ́yìn kọ́ ọ nílé bí wọ́n ṣe ń da nǹkan kọ láti ara bọ́ọ̀dù, bí wọ́n ṣe ń nawọ́ kí wọ́n tó dìde. Kò ní wàhálà kankan. Èyí kẹta ò lọ rárá, owó ò sí, òun náà ń ṣe dáadáa. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọkan

Ẹ ṣé o, Ẹ̀gbọ́n. Ti ìgbálẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kí ni mo lè ṣe nílé pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí mo ṣì ń ronú?

Tíṣà Alágbàká

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ẹ mú nǹkan mẹ́ta: tòmátò, tàtàṣé, àlùbọ́sà. (Ẹ má mú ata rodo, èmi ti ṣe àṣìṣe yẹn fún yín.) Ẹ gbé tòmátò sí i lọ́wọ́: "Tòmátò nìyí." Kó fọwọ́ yí i, kó gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ṣe méjì tó kù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà: "Fún mi ní tàtàṣé. Gbé àlùbọ́sà sínú abọ́." Ẹ pẹ́ lórí ìpele yìí, ibẹ̀ ni eré wà. Ọjọ́ tó bá ti ń mú un láì ṣiyèméjì, ẹ wá nawọ́ sí i: "Kí nìyí?" Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má sọ pé ó ti gbàgbé. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Dókítà Faransé kan tó ń jẹ́ Séguin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò tètè gba nǹkan, ni Maria Montessori ti kọ́ ìpele mẹ́ta yìí. Ohun tí à ń ṣe fún àwọn ọmọ wa ni pé ìpele kẹta la máa ń fi bẹ̀rẹ̀, níwájú àlejò: "Sọ fún Àǹtí, kí nìyí? Kí nìyí? Àbí o ò mọ̀ ọ́n mọ́?"

Ará Oǹdó

Mo ń gbé Oǹdó, ìtòsí Adéyẹmí. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ èdè.

Wọ́n máa ń fi sáńpépà gé lẹ́tà mọ́ páálí, kí ọmọ fi ìka tọ ọ́, kó sì máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń tọ́ ọ. Ìró o, kì í ṣe orúkọ lẹ́tà. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, c wà níbẹ̀, q wà, x wà. Ẹ kò sí, Ọ kò sí, Ṣ kò sí, GB kò sí. Tí ọmọ bá fẹ́ to "ẹ̀gbọ́n", lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa rí nínú àpótí: n.

Ni mo bá ṣe tèmi. Mo ra sáńpépà tó kúnná, mo gé páálí, mo ra gọ́ọ̀mù. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25: fáwẹ́lì 7 sórí páálí búlúù, kọ́ńsónáǹtì 18 sórí píńkì. Gb wà lórí páálí kan ṣoṣo torí ìró kan ni. Àmì abẹ́ lẹ́tà ló gba ọpọlọ. Mo gé e lọ́tọ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ọ, kí ìka ọmọ lè yí po, kó wá sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ọmọ mi ń pè é ní "o tó wọ bàtà". Ó ti jẹ́ "o tó wọ bàtà" fún gbogbo wa nílé báyìí.

Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé Yorùbá rọrùn fún èyí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí èdè Ítálì tí dókítà yẹn fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí à ń pè náà là ń kọ. Ọmọ tó bá mọ ìró rẹ̀ lè to "ata" àti "ilé" kó tó mọ̀wé kà rárá. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé Yorùbá máa dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ẹ rántí Ifẹ̀. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìṣirò ló wá ní kọ́lọ́fín. Pátákó kan wà tí wọ́n kọ 10 sí léraléra, ọmọ á máa ti nọ́ńbà kékeré lé orí òdo rẹ̀. Ó ti 6 sí i, ó di 16: mẹ́wàá àti mẹ́fà. Ó bá Gẹ̀ẹ́sì mu. Èmi wá pè é ní mẹ́rìndínlógún. Ọmọ mi tẹjú mọ́ pátákó, ó ń wá ogún tí mo dárúkọ, kò rí i. Òun ló gbọ́n, èmi ni mi ò ronú. Mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá kò ní wàhálà, ẹ̀wá là ń fi kún. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, inú ogún la ti ń yọ. Mo bá gbé pátákó yẹn sápá kan, mo to ọmọ ayò ogún sílẹ̀ ní ìlà méjì. Mo ní kó fi ọwọ́ bo mẹ́rin, kó ka èyí tó kù. Ọjọ́ kẹta, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lórí mẹ́rin yẹn nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Hẹn! Ogún ló dín mẹ́rin!" Pátákó yẹn, nígbà Gẹ̀ẹ́sì la máa ń lò ó. Ọmọ ayò wà fún ti Yorùbá. Kò dàrú mọ́ ọn lójú.

Ìyá Ìbejì (Shagari Village)

Tíṣà, ìbéèrè méjì mà. Kẹ́hìndé mi, ọwọ́ òsì ló ń lò fún gbogbo nǹkan. Ilé ìwé ní ká fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ òun kò ní fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà láyé. Èkejì, wọ́n ní ká má pàlọ́ Ìjàpá fún wọn kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́fà, pé ẹranko kì í sọ̀rọ̀. Èyí dùn mí o.

Tíṣà Alágbàká

Ọwọ́ tó fẹ́ fi kọ̀wé, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Nínà nǹkan sí àgbà, ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Montessori ní apá kan tó jẹ́ ti ìwà àti ìkíni: bí a ṣe ń gba nǹkan, bí a ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń fọn ikun. À ń kọ́ wọn bí eré, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nílẹ̀. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ bá a mu wẹ́kú. Ẹ ní kí bàbá rẹ̀ jókòó bí àlejò, kí Kẹ́hìndé fi ọwọ́ ọ̀tún gbé omi wá fún un lẹ́ẹ̀mẹta, kí bàbá sì dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Tó bá ti parí, kó padà lọ fi òsì mú pẹ́ńsù rẹ̀.

Ní ti àlọ́, lóòótọ́ ni Maria Montessori fẹ́ kí ọmọ kékeré kọ́kọ́ di ohun gidi mú kó tó kan àròsọ, àwọn kan nínú wa sì gbà á le koko. Èmi ò bá wọn dé ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń gbe orin àlọ́ mọ̀ dáadáa pé ahun ẹ̀yìnkùlé kò ní kí òun káàárọ̀. Ẹ pàlọ́ yín.

Ìyá Àgbà Òkè Àró

Ẹni tó bá ní kí n má pàlọ́ Ìjàpá fún ọmọ-ọmọ mi, kó wá sọ ọ́ lójú mi l'Òkè Àró.

Ìyá Ọlọ́mọkan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ra ife tángáràn kékeré mẹ́ta ní Ọjà Ọba, mo gbé méjì fún un lórí atẹ. Ìyá ọkọ mi pariwo pé ta ló ń fún ọmọdé ní ohun tó ń fọ́. Ọjọ́ kìíní, omi dà sórí ìró wọn. Ọjọ́ kejì, ife kan fọ́. Ọmọ dúró, ó wo àfọ́kù, ó wò mí. Mo ní kó dúró síbẹ̀, mo ṣa àfọ́kù náà, mo fún un láṣọ kó nu omi. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé ife, ó ń rìn bí ẹni gbé ẹyin. Lánàá, mo gbọ́ tí ìyá ọkọ mi ní, "Wá bá mi bu omi mu," wọ́n sì na ife tángáràn sí i. Èmi ò dá sí i.

Mo ti dé ilé ìwé mẹ́rin báyìí. Ọ̀kan bínú sí mi torí mo bi í léèrè ibi tí tíṣà ti kọ́ṣẹ́. Èyí tí ọkàn mi mú, owó rẹ̀ ò pọ̀ tó ti olómi, tíṣà ibẹ̀ sì fi ìwé hàn mí kí n tó béèrè, ṣùgbọ́n ohun èlò wọn ò pé. Ìkẹta nínú igi píńkì ti sọnù, èyí tó tóbi jù ti là. Mo ti sọ fún wọn pé mo mọ káfíńtà kan.

Káfíńtà Ọ̀nà Oǹdó

Ẹ ṣé mà. Kí wọ́n fi ìyókù ránṣẹ́ sí mi kí n lè wọ̀n ọ́n, kì í ṣe fọ́tò o. Arère tó gbẹ wà nílẹ̀. Kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan, torí ọ̀dà ní láti gbẹ kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Ìsìkàn

Káfíńtà, èló lẹ̀ ń ṣe ọ̀pọ́n ayò? Kì í ṣe fún ọmọ o, èmi ni mo fẹ́ ẹ.